Kí a tó náwó lé platinum: lẹ́tà lórí títo fuel cell l'Ékòó

Sí Olóòtú,

Ọ̀rọ̀ fuel cell ti ń wọ etí àwọn ará Èkó báyìí, nítorí owó dísẹ́ẹ̀lì àti ariwo jẹnẹrétọ̀ ti sú gbogbo wa. Háídrójìn àti afẹ́fẹ́ ni ẹ̀rọ yìí fi ń ṣe iná, omi àti ooru ló sì ń tú jáde. Ohun tí a fẹ́ bá àwọn tó ń kọ́ni ní Yaba àti Akoka sọ, àti àwọn oníṣẹ́ ínfátà tó ń gbèrò láti máa tò ó, ni pé platinum, irin olówó iyebíye tó ń mú kí háídrójìn àti afẹ́fẹ́ ṣiṣẹ́ pọ̀ nínú ẹ̀rọ náà, kọ́ ló ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù. Yàrá iṣẹ́ ni, àti gásíkẹ́ẹ̀tì (ohun pẹlẹbẹ tó ń dí ẹ̀gbẹ́ kí gáàsì má jò), àti ọwọ́ tí a fi ń táìtì bóòtù.

Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo sábà máa ń mú nǹkan bí 0.65 fóòtì (V) péré wá tó bá ń ṣiṣẹ́ gidi, ìdí nìyẹn tí a fi ń tò wọ́n léra. Bí ojú iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 50 cm², tí a sì ń fa 30 A, sẹ́ẹ̀lì 40 yóò mú 26 fóòtì wá, ìyẹn 780 wáàtì. Ó tó fún fíríìjì, fáànù àti gílóòbù ilé kan. Ṣùgbọ́n iná kan náà ló ń gba inú gbogbo wọn kọjá, bí ẹyọ kan péré bá bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ ló dùbúlẹ̀.

Àárín sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní membrane wà, òun ló ya gáàsì háídrójìn sọ́tọ̀ kúrò lára afẹ́fẹ́. Nafion 212 tó wọ́pọ̀ kò nípọn ju 0.05 mm lọ, ó sì ń mu ọ̀rinrin. Láti inú yàrá tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 50% títí dé inú omi, yóò fi nǹkan bí 10% gùn sí i. Ọ̀rinrin òwúrọ̀ l'Ékòó sì sábà máa ń kọjá 80%. Ẹni tó bá gé membrane láàárọ̀ nínú yàrá tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù, tó wá tò ó lọ́sàn-án, ihò bóòtù kò ní bára mu mọ́, tàbí kí awọ náà súnkì kó sì ya létí gásíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rinrin yàrá wà láàárín 40 sí 50%, kí mítà rẹ̀ wà lára ògiri. Bí iná bá lọ, ẹ dá membrane padà sínú ọ̀rá, ẹ dé e pa, kí ẹ dúró di ìgbà tí iná bá dé.

Iyọ̀ náà jẹ́ ọ̀tá. Sódíọ̀mù inú rẹ̀ ń gba àyè tó yẹ kí ion háídrójìn (háídrójìn tó ti ní agbára iná lára) gbà kọjá nínú membrane, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ lásán kàn án: òógùn ní iyọ̀ nínú. Píọ̀ wọ́tà inú ọ̀rá dára fún mímu, ṣùgbọ́n kò mọ́ tó fún ẹ̀rọ yìí. Afẹ́fẹ́ òkun ní Erékùṣù Èkó ń gbé iyọ̀ wá, èéfín jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń gbé sulphur tó máa ń lẹ̀ mọ́ platinum. Ẹnu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé gbọ́dọ̀ ní àsẹ́ eruku, kí àsẹ́ èédú sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Gásíkẹ́ẹ̀tì ló kù tí ọ̀pọ̀ ń fojú kéré. Pépà kábọ́ọ̀nù tó wà lápá kọ̀ọ̀kan membrane sábà máa ń nípọn tó 0.19 mm. Bí gásíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ 0.15 mm, pépà yóò fún pọ̀ ní nǹkan bí 21%, èyí tó dára. Tó bá nípọn jù bẹ́ẹ̀, pépà kò ní kan àwo graphite (àwo kábọ́ọ̀nù tó ń gbé iná láti sẹ́ẹ̀lì kan dé èkejì) dáadáa, iná yóò di ooru. Tó bá sì tẹ́ẹ́rẹ́ jù, okùn kábọ́ọ̀nù á gún membrane, gáàsì háídrójìn á sì gba ihò náà kọjá sí apá afẹ́fẹ́.

Bóòtù ni ibi tí agbára apá ti ń ṣe ibi. Bí gbogbo ojú àwo náà, pẹ̀lú etí rẹ̀, bá jẹ́ 100 cm², tí a sì fẹ́ 1 MPa lórí rẹ̀, agbára tí a nílò jẹ́ 10,000 N. Pín in fún bóòtù M6 mẹ́jọ: ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ru 1,250 N, èyí tí nǹkan bí 1.5 Nm lórí sípánà torque (sípánà tó ń fi ìwọ̀n agbára tí a fi ń yí bóòtù hàn) yóò mú wá. Kò pọ̀ rárá! Ẹni tó bá fi sípánà lásán fà á yóò fọ́ graphite. Ẹ máa táìtì àwọn bóòtù tó kọjú síra wọn tẹ̀ lé ara wọn, 0.5 Nm, lẹ́yìn náà 1, kí ẹ tó dé 1.5, kí wáṣà onísípíríìnì sì wà lábẹ́ nọ́ọ̀tì, nítorí ẹ̀rọ náà ń gbóná dé nǹkan bí 60 sí 80 °C, ó sì ń wú.

Kí háídrójìn tó wọlé, náítrójìn ni ká fi dán an wò. Ẹ tì í sí apá háídrójìn ní 0.5 bar, ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ wo gééjì fún ìṣẹ́jú 10. Bí ó bá ń lọ sílẹ̀, ẹ ki ẹnu ọ̀pá rọ́bà tó ti apá afẹ́fẹ́ jáde bọ omi: bí omi bá ń hó, membrane ló lu, bí kò bá hó, ẹ wá ibi tó ti ń jò síta. Háídrójìn tó bá dé 4% nínú afẹ́fẹ́ lè gbiná, òkè àjà ló sì ń lọ, nítorí náà fèrèsé òkè gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀.

A ń bẹ àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa pé, kí wọ́n tó náwó lé platinum, kí wọ́n ra sípánà torque, mítà ọ̀rinrin àti sílíńdà náítrójìn kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi sẹ́ẹ̀lì márùn-ún péré bẹ̀rẹ̀.

Àwa òǹkàwé yín,
Yaba, Èkó