Owó Ìtanràn Báǹkì Ṣì Ṣeé Gbà Padà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba gbà pé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní oṣù Kọkànlá 2009 ti parí ọ̀rọ̀ owó ìtanràn báǹkì, ìyẹn owó tí báǹkì máa ń yọ nígbà tí owó inú àkáǹtì ẹni kò bá tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn pé owó náà ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ tí báǹkì ṣe ni ìdájọ́ náà dí. Ẹni tí àìrówóná há mọ́ ṣì lè fi ẹ̀sùn kan báǹkì pé kò ro ti ipò òun.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè àkọsílẹ̀ gbogbo owó tí wọ́n yọ. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan sì ni òfin fún wọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kùnà ni pé wọ́n á kọ "nǹkan le" lásán sínú lẹ́tà ẹ̀sùn wọn. Ẹ to owó tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde lóṣù: owó ilé, council tax, gáàsì, iná, oúnjẹ. Bí ẹ bá jẹ owó ilé, ẹ fi lẹ́tà onílé tì í. Ẹ tọ́ka sí i bí ìtanràn oṣù kan ṣe ń bí ti oṣù kejì. Ẹ̀rí yìí lágbára gan-an. Ẹ sọ pé ọwọ́ yín ni kí owó náà dé, torí báǹkì lè fi dí gbèsè overdraft, ìyẹn owó tí ẹ ná kọjá ohun tó wà nínú àkáǹtì yín.

Bí wọ́n bá kọ̀, tàbí tí ọ̀sẹ̀ 8 kọjá láìsí èsì, ẹ lọ sí Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń yanjú aáwọ̀ láàárín báǹkì àti oníbàárà. Oṣù 6 péré lẹ ní lẹ́yìn èsì ìkẹyìn báǹkì. Àjọ náà kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín, nítorí náà ẹ má fún alágbàṣe kankan tó ní òun á bá yín gbà á ní ìpín nínú owó yín.

Àwa olùkàwé yín,
London