Àṣàkẹ́, ṣé o ti san owó náà?

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ẹ̀gbọ́n rẹ ló sọ fún mi lánàá pé o fẹ́ yá 80,000 náírà, kí o fi san owó kíláàsì ìwé kíkọ tí ẹnì kan ń tà lórí WhatsApp. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o ò gbé e. Ṣé o ti san án? Bí o bá ti san án, sọ fún mi. Mi ò ní pariwo.

Àlàáfíà la wà nílé. Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan ò yè. Orúnkún ṣì ń dun ìyá rẹ, kò sì jẹ́ jókòó sílé.

80,000! Níbo lo ti fẹ́ rí i san padà? Ọmọ ilé kejì tó ń ṣe tíṣà jókòó tì mí lálẹ́ àná, ó ṣí ìkànnì ìwé kíkọ kan tí wọ́n ń pè ní Purdue OWL hàn mí lórí fóònù rẹ̀. Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ló ni ín, wọn kì í gba kọ́bọ̀: bí gbólóhùn ṣe ń tò, ibi tí kọ́mà ń jókòó sí, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìkànnì ẹ̀kọ́ OpenLearn ti Open University nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá parí á gba ìwé pé òun ṣe é, kì í ṣe oyè yunifásítì o, má tan ara rẹ. Ẹni tó ní òun á fún ọ ní sátífíkéètì àti iṣẹ́ òyìnbó lọ́sẹ̀ mẹ́rin, bi í pé ta ni yóò máa ka ohun tí o bá kọ, tí yóò fi báírò fà á. Bí kò bá sí ẹni náà, kí lo ń sanwó fún?

Ṣé o ti san án?

Àtúnṣe ìwé ni mo ṣe jẹun ní ilé ìtẹ̀wé ní Mọ́kọ́lá. Ẹnì kan á máa ka ìwé àfọwọ́kọ sókè, èmi á fi rúlà sábẹ́ ìlà èyí tí a tẹ̀, n ó máa bá a lọ títí dé orí àmì. Lọ́jọ́ kan oorun gbé mi. Ìwé ètò ìsìnkú 300 la tẹ̀, "ọkọ rere" di "oko rere". Opó náà ò bú mi. Ó kàn fi ìka bo ibẹ̀.

Lọ́dún yẹn, 1986, mo forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti London. Owó àjọ ìyá rẹ ni mo fi san án, mo ní ọ̀gá mi ló san án. Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní nìkan ni mo ṣe. Ìyókù wà nínú àpò lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mi ò ṣí wọn rí. Kì í ṣe gbájú-ẹ̀ nìkan ló ń bà mí lẹ́rù, Àṣàkẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí o má lọ sanwó tán, kí ó wá dà bíi pé o ti kọ́ ọ. Mo mọ bí ọjọ́ tí èèyàn sanwó ṣe ń dùn tó.

Ọwọ́ rẹ dùn. Ìtàn tí o fi ránṣẹ́ lọ́dún, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ pé "ó gbé oko lé èjìká". Ọkọ́ ni! Ta ló ń gbé oko lé èjìká? Àṣìṣe bàbá ọmọ.

Mo fi 5,000 ránṣẹ́ fún dátà. Ojú ìwé kan lọ́sẹ̀, fi ránṣẹ́ sí mi, má sì tún un ṣe kí n tó rí i. Mo ti ra báírò pupa. Bí o bá ti san owó yẹn ṣá, kọ́ ọ tán.

Gbé fóònù rẹ. Ìyá rẹ ò mọ̀ nípa àpò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì o.

Bàbá rẹ ni.