Ògiri tí kò ní simẹ́ǹtì

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Olùkàwé yín kan kọ̀wé pé àwọn tó ń wọ ọkọ̀ òfúrufú lọ wo àwókù òkúta nílẹ̀ òkèèrè, owó ló ń yọ wọ́n lẹ́nu. Èmi gan-an ló ń bá wí. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń yọ mí lẹ́nu o, ọmọ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní London ló sanwó. Ọdún 41 ni mo fi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà n'Íbàdàn kí orúnkún tó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ọmọ ní, "Bàbá, ẹ wá sinmi," ó sì mú mi dé ilẹ̀ Gíríìsì.

Delphi ni a lọ. Láti Athens síbẹ̀ tó 180 kìlómítà. A la ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Arachova kọjá létí òkè. Títì ibẹ̀ tín-ín-rín débi pé bọ́ọ̀sì wa àti èkejì tó ń bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu konu. Lẹ́yìn náà la dé Delphi fúnra rẹ̀ lára òkè Parnassus, ibi tí àwọn ará Gíríìsì ìgbàanì ń pè ní ìdodo ayé. Òrìṣà wọn Apollo ló ni ibẹ̀. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Pythia máa ń jókòó sórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, òun ló ń sọ ohun tí òrìṣà wí fún ẹni tó bá wá ṣe ìbéèrè.

Amọ̀nà wa, obìnrin kan tó fi báàjì kọ́rùn, sọ ìtàn Croesus, ọba Lydia, fún wa nínú ọkọ̀. Ọba yìí ránṣẹ́ sí Delphi láti béèrè bóyá kí òun gbógun ti àwọn ará Páṣíà. Wọ́n ní bó bá lọ, yóò pa ìjọba ńlá kan run. Ó lọ, ìjọba tirẹ̀ ló parun. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi ò rẹ́rìn-ín. Lọ́dọ̀ tiwa, bí Ifá bá fọhùn tán, èèyàn á ṣì di ìbò, á béèrè bóyá ire ni àbí ibi. Ọba yẹn kánjú ni.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, eré ni. Wákàtí kan ààbọ̀ la ní lórí òkè kí a tó wọ mùsíọ́ọ̀mù. Ọ̀nà náà lọ́ bí ejò, a ń gùn ún, obìnrin náà ń tọ́ka, àwa ń mí hẹlẹ. Nígbà tó yá, ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó ní ògiri tó dá ilẹ̀ tẹ́ńpìlì dúró rèé, ó sì kọjá. Ẹsẹ̀ tèmi kọ̀.

Bíríkì tiwa, etí rẹ̀ gún, bí kò bá sì dọ́gba, simẹ́ǹtì á bá wa bò ó. Òkúta ògiri yìí, kò sí méjì tó bára mu. Etí wọn kò gún rárá, ńṣe ló ń tẹ̀ wọlé, tó ń tẹ̀ jáde, bí etí aṣọ tí atẹ́gùn ń fẹ́. Wọ́n wá gbẹ́ èyí tó kàn án kó lè bá títẹ̀ yẹn mu rẹ́gí. Kò sí simẹ́ǹtì, kò sí amọ̀. Mo yọ káàdì báńkì mi, mo fẹ́ kì í bọ àárín òkúta méjì. Kò wọ̀. Fèrè dún fíì! Ẹ̀ṣọ́ kan ń mi ìka sí mi láti òkè. Ẹ̀bi mi ni, kò yẹ kí n fi nǹkan kàn án.

Iná ló jó tẹ́ńpìlì tó wà níbẹ̀ lọ́dún 548 ṣáájú ìbí Jésù, ni wọ́n bá mọ ògiri yìí kí wọ́n lè rí ilẹ̀ tó tẹ́jú kọ́ òmíràn sí. Ìmìtìtì ilẹ̀ wó òmíràn yẹn lọ́dún 373 ṣáájú ìbí Jésù. Wọ́n tún kọ́ ọ, ó tún wó, òpó mẹ́fà péré ni wọ́n tò nàró padà. Ògiri kò kúrò níbi tó wà. Lójú tèmi, títẹ̀ yẹn ló gbà á là. Bí ilẹ̀ bá mì, àwọn òkúta á di ara wọn mú bí eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀.

Mo tún rí i pé ìlà wínníwínní kún ara àwọn òkúta náà. Mo rò pé àwọn ọmọ aláìgbọ́ràn ló họ orúkọ síbẹ̀. Amọ̀nà ti padà wá mi nígbà yẹn, ojú rẹ̀ le. Mo ní kí ọmọ mi bá mi bi í pé kí ni wọ́n kọ. Ojú obìnrin náà tú ká. Ó ní ìwé òmìnira ẹrú ni, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn! Ó ń fi ìka tẹ̀lé ìlà láì fọwọ́ kan òkúta, ó ń kà á: lágbájá ta obìnrin báyìí fún Apollo, iye fàdákà báyìí, kí ó lè di òmìnira. Ẹrú kò lè dá ra ara rẹ̀ lábẹ́ òfin wọn, nítorí náà òrìṣà ni wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ó rà á, owó tí ẹrú tù jọ ni wọ́n sì fi ń san án. Wọ́n á wá gbẹ́ ẹ sí gbangba kí ẹnikẹ́ni má bàa sẹ́. Àwọn mìíràn sanwó tán, síbẹ̀ wọ́n ní láti máa sin olówó wọn títí yóò fi kú.

Ìyá bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ àwọn ìwọ̀fà tó gbé nílé wọn. Èmi ò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn.

Mùsíọ́ọ̀mù dára. Ère idẹ ọmọkùnrin tó ń wa kẹ̀kẹ́ ẹṣin wà níbẹ̀, irun ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Gbogbo wa la yà á ní fọ́tò.

Ẹjọ́ tí mo wá rò ni pé obìnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú egungun, àmọ́ àwọn tó kó wa lọ kò fún un ní àyè. Ṣọ́ọ̀bù òróró ólífì tí wọ́n yà wá sí lójú ọ̀nà, wákàtí kan gbáko la lò níbẹ̀. Níwájú ògiri, bí n kò bá dúró, ìṣẹ́jú kan kò ní pé. Ẹ̀yin tí ọmọ bá mú lọ, ẹ béèrè iye àsìkò tí ẹ máa lò lórí òkè kí ẹ tó sanwó, ẹ sì sọ fún amọ̀nà ṣáájú pé ẹ fẹ́ kí ó ka ògiri fún yín.

Ní ti olùkàwé yín, ọmọ mi ti tẹ fọ́tò ògiri náà tóbi, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Mọ́kọ́lá. Ọmọ iṣẹ́ yẹn wò ó títí, ó ní, "Ọ̀gá, iye ọjọ́ wo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹyọ kan?" Bí olùkàwé náà bá ń kọjá, kó yà.

Èmi ni,
Bàbá Bíríkìlà,
Ìbàdàn.