Orin "go, went, gone" nìkan kò lè kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn olùkọ́ àti òbí Òṣogbo létí.

Ọ̀pọ̀ olùkọ́ ló máa ń kọ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gba "-ed" sójú pátákó, láti "arise" dé "write", tí àwọn ọmọ á máa ké wọn bí orin. Wọ́n á mọ orin náà tán, síbẹ̀ wọ́n á kọ "I didn't went". Ọmọ ò gọ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí padà ni: "mo lọ lánàá", "n kò lọ lánàá", "lọ" kan náà ni. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, tí "did" bá ti wọlé, òun ló ru ẹrù àná. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó tẹ̀ lé e á padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀: "I didn't go". Ibí ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó wọn jọ bí ìró wọn ṣe bára mu, mẹ́fà péré lójúmọ́. "Cut, put, hit, shut, hurt, cost" kì í yí rárá. Ọmọ tó mọ èyí kò ní kọ "it costed". "Sing, drink, begin, swim" ń tọ ọ̀nà kan náà: sang, sung, drank, drunk. "Buy, bring, think, fight" ń di bought, brought, thought, fought. "Taught" àti "caught" bá wọn dún pọ̀, àmọ́ "au" ni wọ́n fi ń kọ wọ́n, ẹ fa ìlà sí i. "Read" kì í yí lójú ìwé, ṣùgbọ́n ti àná ń dún bí "red". "Went" kò ní ẹgbẹ́, torí ara "wend" ni wọ́n ti yá a. Kí ọmọ há a sórí bẹ́ẹ̀.

Ibi tó le jù ni "ti". Yorùbá gba "mo ti sọ fún un lánàá", ni ọmọ bá kọ "I have told him yesterday". "Have" kì í bá "yesterday" gbé. "I told him yesterday" ni, tàbí "I have told him" láìdárúkọ ọjọ́. Tí ẹ bá ń máàkì, ọ̀rọ̀ ọjọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ má fi orin dán wọn wò mọ́. Ẹ fún wọn ní gbólóhùn Yorùbá mẹ́wàá kí wọ́n yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, irú bíi "Màmá kò ra ẹja ní Ọjà Ọba lánàá". Ibẹ̀ ni "didn't bought" á ti yọjú, tí ẹ ó sì rí i tún ṣe.

Emi ni tiyín,
Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì,
Òṣogbo.