Ìkéde: Bí A Ó Ṣe Gba Àwọn Olùkọ́ Tí Ogun Sudan Lé Kúrò Nílé

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti oṣù kẹrin 2023 tí ogun ti bẹ́ sílẹ̀ ní Khartoum ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ibẹ̀ ti fọ́n káàkiri. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn dára, àmọ́ kì í san owó ilé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ìlú Ọba, ẹ kọ́kọ́ kàn sí Cara, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn olùkọ́ yunifásítì tó wà nínú ewu lọ́wọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1933 nítorí àwọn olùkọ́ tí Hitler lé lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹ tó ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yín fọwọ́ sí i ná.

Ibi tó ti máa ń há jù ni ìwé ẹ̀rí: ó lè jóná, tàbí kó má sí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì tí yóò fèsì. Ẹ má tìtorí ẹ̀ dá ẹnikẹ́ni padà. Abala keje àdéhùn Lisbon ti 1997, èyí tó dá lórí bí orílẹ̀-èdè ṣe ń gba ìwé ẹ̀rí ara wọn, ní kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i wá ọ̀nà láti yẹ ìmọ̀ ẹni tó sá ogun wò, kódà bí ìwé rẹ̀ ò pé. Council of Europe, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní ètò fún un: ẹni náà á kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ìwé tí wọ́n bá fún un á ṣiṣẹ́ fún ọdún 5.

Ẹ̀ka tó bá ní àyè, kó sọ fún akọ̀wé kí oṣù yìí tó parí.