Ẹ̀sùn lórí owó kóòtù tí ẹ kò sọ fún mi

Sí Ọ̀gá Àgbà Iléeṣẹ́ Lọ́yà,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ lẹ́tà yìí nítorí tíkẹ́ẹ̀tì tí ọlọ́pàá já fún mi ní North Carolina torí eré àsápajúdé tí mo fi ọkọ̀ sá, èyí tí mo gbé fún yín pé kí ẹ bá mi bójú tó. Dọ́là 149 lẹ gbà lọ́wọ́ mi. Títí ọ̀rọ̀ náà fi parí, dọ́là 409 ló jáde lápò mi.

Mi ò jiyàn pé mo sáré. Ìsọmọlórúkọ ọmọ ọmọ mi ni mò ń lọ ní Raleigh, láti Maryland níbí, ibi iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ti bọ́ sójú ọ̀nà. Ó ku díẹ̀ kí n dé Rocky Mount lórí òpópónà I-95 ni ọlọ́pàá dá mi dúró. Máìlì 84 ni mò ń sá níbi tí wọ́n kọ 70 sí. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn.

Orí rédíò Yorùbá ni mo ti gbọ́ ìpolówó yín. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù fi Yorùbá kí mi, ó ń pè mí ní Mọ́mì. Ó ní lọ́yà yín máa dúró fún mi, pé mi ò ní í padà wa ọkọ̀ lọ sí kóòtù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í pé, "Ṣé 149 yìí náà ni gbogbo owó tí mo máa san?" Ó ní, "Òun náà ni, Mọ́mì. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ọkàn mi sì balẹ̀, torí èdè mi ló fi sọ ọ́. Ká ní òyìnbó ni, ǹ bá ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi.

Lọ́yà yín ṣiṣẹ́, mi ò ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ó bá wọn sọ ọ́ títí wọ́n fi gé 84 sí 79. Ìtanràn tí wọ́n dá fún mi kò ju dọ́là 20 lọ. Àmọ́ owó kóòtù wà lọ́tọ̀, dọ́là 190! Owó tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò dárúkọ rí ju ìlọ́po mẹ́sàn-án ìtanràn lọ.

Mo pe ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù fúnra mi. Obìnrin tó dá mi lóhùn fi sùúrù là á yé mi: dọ́là 147 àti sẹ́ńtì 50 jẹ́ ti iṣẹ́ ilé ẹjọ́, dọ́là 12 jẹ́ ti ilé tí kóòtù ń lò, kéékèèké tó kù wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan owó ìfẹ̀yìntì àwọn ọlọ́pàá. Ó ní òfin ìpínlẹ̀ ló gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, bí ìtanràn ṣe wù kó kéré tó. Èmi tí mò ń gbé Maryland kò mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ kóòtù yẹn lójoojúmọ́ mọ̀.

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Nígbà tí mo kó kúrò nílé mi, mo fi àdírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ sí yín, ímeèlì tí ẹ fi dáhùn pé ẹ ti rí i gbà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀, ilé àtijọ́ lẹ fi ìwé owó kóòtù ránṣẹ́ sí, ẹnikẹ́ni kò sì pè mí. Kí ẹni tó ń gbé ibẹ̀ báyìí tó wá mi kàn, 40 ọjọ́ ti kọjá, kóòtù sì ti fi dọ́là 50 lé e. Mi ò sùn lóru ọjọ́ yẹn. Arúgbó ni mò ń tọ́jú, ilé wọn ni mo sì máa ń wa ọkọ̀ lọ. Bí North Carolina bá kọ̀wé sí Maryland, tí wọ́n bá fi gba láísẹ́nsì mi, iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn.

Dọ́là 190 àti 20 yẹn, gbèsè mi ni, mo sì ti san án. Dọ́là 50 kì í ṣe tèmi. Ẹ dá a padà fún mi. Mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń gbé fóònù yín máa sọ̀rọ̀ owó kóòtù kí wọ́n tó gba nọ́ńbà káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí ìpolówó orí rédíò náà sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé èèyàn. Ọ̀pọ̀ àwa àgbàlagbà ló ń gbọ́ rédíò yẹn.

Risíìtì méjèèjì àti ímeèlì náà wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Bí mi ò bá gbúròó yín láàárín ọjọ́ 14, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ẹ̀ka tó ń dáàbò bo oníbàárà lọ́fíìsì Attorney General ti Maryland.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá Ìbejì