Agbá Mi Ti Kan

Sàmárù, Zaria
Ọjọ́ 18, oṣù Kìn-ín-ní

Bímpé ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Mo mọ̀ pé ti Kánádà ju tiwa lọ, àmọ́ jẹ́ kí n ráhùn: ọyẹ́ ọdún yìí ti la ètè mi, mi ò lè rẹ́rìn-ín dáadáa mọ́.

Kò tilẹ̀ sí ohun ẹ̀rín. Agbá mi ti kan. Agbá búlúù yẹn tí mo fi ń sọ ìgbẹ́ màlúù di gáàsì, tí mo fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ nígbà tí tíúbù kẹ̀kẹ́ orí rẹ̀ wú bí ikùn aláboyún. Tíúbù ti tẹ̀ pẹlẹbẹ. Nígbà tí mo ṣí ìdérí, òórùn ìgbẹ́ màlúù kọ́ ló jáde, òórùn omi ògì ọlọ́sẹ̀ kan ni. Bébà pH, tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó, ní 5.5 (bó bá ṣe kéré tó ló ṣe kan tó), bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 7 ni àwọn kòkòrò tó ń ṣe mẹ́táànì, gáàsì tó ń jó, fẹ́.

Kọ̀ǹpútà ò sì mọ̀. Lórí gíráàfù, ìlà tí ìṣirò mi fà ń gòkè lọ tayọ̀tayọ̀. Àwọn àmì tí mo fọwọ́ ara mi wọ̀n ń já bọ́ nísàlẹ̀. Ìṣirò Monod ni mo lò, ti ọkùnrin ará Faransé tó gbé e jáde láwọn ọdún 1940: bí oúnjẹ bá ṣe ń pọ̀ ni kòkòrò á máa yára dàgbà, títí á fi yó. Ìyẹn dáa fún oúnjẹ tí kì í pa ẹni tó ń jẹ ẹ́. Ásíìdì ni oúnjẹ àwọn tèmi. Tó bá mọ níwọ̀n, wọ́n á sọ ọ́ di gáàsì. Tó bá pọ̀ jù, á fún wọn lọ́rùn. Àwọn bakitéríà tó ń sọ ìgbẹ́ di ásíìdì sì yára jù wọ́n lọ jìnnà, bí òde tí agbáwo mẹ́wàá ń kó àwo wá fún ìyá kan ṣoṣo tó ń fọ̀ ọ́. (Má pe àwọn tèmi ní bakitéríà o. Láti 1977 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Woese àti Fox, ti yọ wọ́n kúrò nínú ẹbí yẹn.)

Ọ̀gá mi ní ọyẹ́ ni. Òótọ́ ni pé ìta ni agbá wà, mo bá tẹmọ́mítà ní 16 láàárọ̀, nígbà tó jẹ́ pé inú ooru 37 ni wọ́n ti wọn iye ìdàgbà tí mo kó sínú ìṣirò. Mo jẹ́ kí iye yẹn máa lọ sílẹ̀ pẹ̀lú òtútù, ni ìlà bá tẹ̀, ó gba orí gbogbo àmì kọjá. Ó rẹwà. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Àìná bí ìbejì. Owó ilé ti lé. Ọkùnrin odò ẹran tó ń bá mi kó ìgbẹ́ ti sọ mí ní Hajiya mai kashi, Hàjíà onígbẹ̀ẹ́, àwọn ọmọdé àdúgbò sì ti gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Bímpé, jókòó. Mo lọ síbi ìgbéyàwó Fẹ́mi. Ní Gwarinpa, l'Ábújá. Mo ní mi ò ní lọ, mo lọ, mo tún ra aṣọ ẹbí. Ìrẹsì wọn ò jinná, tíyẹn bá máa tù ọ́ nínú. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò, kí ebi má bàa pa agbá, mo da oúnjẹ ọjọ́ mẹ́rin sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n tó wọ mọ́tò. Nínú ìwé àkọsílẹ̀, mo pín in sí ọjọ́ mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Lánàá, mo dá oúnjẹ náà padà sọ́jọ́ tí mo dà á gan-an, mo yọ òtútù kúrò, mo fi ohun tí Andrews, onímọ̀ mìíràn, fi kún ìṣirò Monod ní 1968 kún un, kí oúnjẹ tó pọ̀ jù máa fa ìdàgbà sẹ́yìn. Ìlà tẹ̀ bákan náà! Àmì 11 péré ni mo ní, ìtàn méjèèjì ló bá wọn mu. Ọyẹ́ ò sì lẹ́nu tí á fi sọ pé òun kọ́.

Mo ti fi fáìlì méjèèjì sí ímeèlì rẹ. Bú mi nítorí Fẹ́mi kó o tó ṣí wọn, kí ojú ẹ lè wálẹ̀. Mo ń rò ó pé kí n gbé agbá kékeré méjì kalẹ̀, ọ̀kan nínú yàrá, ọ̀kan níta, kí n máa bọ́ méjèèjì níwọ̀nba. Bá mi wò ó bóyá ìyẹn á tó láti ya òtútù sọ́tọ̀ kúrò lára àjẹjù. Àmọ́ àwọn tó ń ṣe mẹ́táànì kì í yára pọ̀, á gbà tó oṣù mẹ́ta, Màmá mi sì rò pé oṣù Kẹta ni mo máa parí.

Á pè ọ́ lọ́jọ́ Sunday, mo mọ̀ ọ́n. Má purọ́ fún un. Má sọ òótọ́ náà. Ṣáà máa bá a sọ̀rọ̀ yìnyín.

Èmi ni,
Ṣadé